Àpótí Géèmù Tó Bá Ara Mu: Bí Mo Ṣe Tú Ti Ilé Wa, Tí Mo sì Tún Un Kàn ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, mo kan àpótí géèmù kan sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, irú èyí tí wọ́n máa ń dúró níwájú rẹ̀ ta géèmù, tí mọ́nítọ̀ wà lókè rẹ̀, tí ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnnì sì tò sórí pátákó kan tó yọ síwájú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tan iná sí i, ohun gbogbo ṣiṣẹ́: àwòrán hàn, ohùn jáde, àwọn ọmọ àdúgbò sì kún ojú fèrèsé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi mọ̀ pé àṣìṣe ńlá wà nínú iṣẹ́ náà, àṣìṣe ọ̀hún kò sì sí nínú wáyà tàbí kọ̀ǹpútà rárá. Kò sẹ́ni tó lè lò ó fún ogún ìṣẹ́jú nínú ilé wa kí ibì kan má dùn ún.

Àkọsílẹ̀ yìí wá láti inú ìwé kékeré tí mo ń kọ ìwọ̀n àti ìnáwó sí láti ìgbà náà. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń to géèmù sínú kọ̀ǹpútà. Gíga, fífẹ̀, ìdàgẹ̀rẹ̀ àti ìjókòó ni ọ̀rọ̀ mi. Sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo ìwọ̀n tí mi ò bá dárúkọ ohun mìíràn sí.

Ìpele 1: Àpótí àkọ́kọ́

Mo rí àwòrán kan tí ìwọ̀n rẹ̀ wà ní íǹṣì, mo sì tẹ̀ lé e bí ó ṣe wà. Pátákó ìdarí inú àwòrán náà ga ní íǹṣì 40 sí ilẹ̀, ìyẹn bíi 102, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ra pákó MDF (èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) méjì ní ₦32,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wọ́n ṣe gbogbo ara àpótí náà. Pátákó ìdarí fẹ̀ ní 80 fún ènìyàn méjì, ó nípọn ní mìlímítà 18, mo sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀ bí ayùn ṣe gé e. Mọ́nítọ̀ íǹṣì 22 dúró ṣánṣán, àárín rẹ̀ sì wà ní 150 sí ilẹ̀. Ìdí àpótí náà lọ tààrà dé ilẹ̀, láìsí àyè kankan fún ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Iléyá ọdún náà bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, Ojúde Ọba sì wáyé ní ọjọ́ 18. Gbogbo ilé ní Ìjẹ̀bú ló máa ń kún ní àkókò yẹn, torí náà n kò ní láti wá ẹni tó máa bá mi dán an wò. Bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ wọn tán ni wọ́n ń tò síwájú àpótí. Mo jókòó sí igun yàrá pẹ̀lú ìwé mi, mo sì ń kọ ohun tí mo ń rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ga ju gbogbo wa lọ, tẹ̀ bí ẹni tó ń wo inú kànga. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fọwọ́ mú ìbàdí. Ìyàwó mi gbé èjìká méjèèjì sókè bí ẹni tí ọyẹ́ mú, ọrùn rẹ̀ sì gan títí di ọjọ́ kejì. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12, ń gbé apá sókè kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan bọ́tìnnì, ó sì ń gbọn ọwọ́ léraléra, ó ní ọwọ́ òun ń kú. Èmi fúnra mi rí ilà pupa lórí ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì níbi tí etí pátákó ti ń gé mi, bí ẹni tí wọ́n fi okùn dè. Bí ènìyàn méjì bá sì dúró pa pọ̀, èjìká ń gbá èjìká.

Ìdí àpótí náà ní tirẹ̀ wú. Omi tí a fi ń nu ilẹ̀ ń wọ inú MDF láti ìsàlẹ̀, nígbà tí òjò oṣù keje sì fi máa dé, ó ti rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.

Èrò mi ni pé kí n kàn gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀. Ìyàwó mi, tí aṣọ rírán jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ló bi mí ní ìbéèrè tí mo fi gbé ayùn sílẹ̀: “Dádì, ta lẹ wọ̀n kí ẹ tó gé pákó yìí?” N kò wọn ẹnikẹ́ni. Mo gba ìwọ̀n ẹni tí n kò mọ̀ rí, mo sì fi rán aṣọ fún ará ilé mi.

Ìpele 2: Wíwọn ará ilé

Téèpù aṣọ ìyàwó mi ni a lò. Oníkálukú fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó jẹ́ kí èjìká rẹ̀ rọ̀, ó wá ká apá síwájú bí ẹni tó gbé àwo oúnjẹ. A wọ̀n láti ilẹ̀ dé ìgúnpá, lẹ́yìn náà láti ilẹ̀ dé ẹyinjú. Ìgúnpá mi wà ní 108, ojú mi sì wà ní 163. Ti ìyàwó mi jẹ́ 101 àti 151, ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 116 àti 174, ti ọmọ mi sì jẹ́ 90 àti 135. Ẹ kíyè sí bàtà. Nígbà tí a kọ́kọ́ wọn ẹ̀gbọ́n mi, sálúbàtà tí ìdí rẹ̀ nípọn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a sì fi 3 kún gíga rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tó tún wálé ní oṣù kẹjọ ni a tó tún un wọ̀n.

Kí èjìká tó lè rọ̀, ojú pátákó gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ìgúnpá lọ díẹ̀, kí ọwọ́ sì lè nà síwájú láìtẹ̀ ní ọrùn ọwọ́. Láti ìgúnpá ọmọ mi dé ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 26. Kò sí gíga kan ṣoṣo tó lè bá àwọn méjèèjì mu. Mo ronú nípa pátákó tí ó ń lọ sókè sódò lórí irin, mo tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọdé yóò máa fi ọwọ́ gbá tagbára-tagbára kò gbọdọ̀ mì, mo sì mọ̀ pé èyí tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣe yóò mì.

Ìpinnu tí mo ṣe ni pé pátákó yóò dúró sí ojú kan ní ìwọ̀n ìyàwó mi, ọmọdé yóò gun pèpéle, àwa tí a ga yóò sì jókòó. Iwájú pátákó máa wà ní 94, ẹ̀yìn rẹ̀ ní 98. Bí ọmọ mi bá gun pèpéle tó ga ní 12, ìgúnpá rẹ̀ yóò wà ní 102, ojú rẹ̀ ní 147. Bí mo bá jókòó lórí ìjókòó tó ga ní 72, ojú mi yóò wà ní 150. Ìyàwó mi ní ìdúró, 151. Nígbà tí mo kọ ìwọ̀n mẹ́ta wọ̀nyí sábẹ́ ara wọn ni inú mi tó dùn: mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo, láìsún un sókè tàbí sódò, ti fẹ́ẹ̀ bá gbogbo wa mu.

Ìpele 3: Páálí kí ó tó di pákó

Owó MDF tó ṣòfò ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo gba páálí fìríìjì ńlá méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ohun èlò iná, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì fi ṣe àpótí náà bí yóò ṣe rí gan-an. Mo gbé pátákó ìdarí rẹ̀ lé tábìlì àti búlọ́ọ̀kù kí n lè máa fi ìwé pélébé pélébé gbé e sókè. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó wà nínú pálọ̀, gbogbo àlejò tó wọlé sì ń béèrè bóyá a fẹ́ kó kúrò nílé.

Ohun méjì ni páálí yìí kọ́ mi. Èkínní ni ibi tí ìka máa ń bọ́ sí. Mo po búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ omi díẹ̀ nínú ìdérí ìkòkò, olúkúlùkù ti orí ìka rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó di ojú, ó gbọn apá méjèèjì wálẹ̀, ó wá jẹ́ kí ọwọ́ bọ́ sórí páálí láìwò ó. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin-mẹ́rin. Àmì búlúù náà yà mí lẹ́nu. Kò sí ọwọ́ kankan tó bọ́ sílẹ̀ ní ìlà tó gún bí èyí tí mo lu sí àpótí àkọ́kọ́. Ìka àárín mi fi mìlímítà 14 ṣáájú ìka ìlábẹ̀, ìka òrùka sì fi mìlímítà 5 padà sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ sì dẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ọwọ́ òsì àti ọ̀tún mi jìnnà síra ní 28, ti ìyàwó mi ní 23, bẹ́ẹ̀ ni mo há wọn mọ́ra ní 17 nígbà àkọ́kọ́.

Ohun kejì ni iná. Mo ti pinnu láti dẹ mọ́nítọ̀ sẹ́yìn kí ó lè kọjú sí ẹni tó ń wò ó, mo sì fẹ́ mọ ohun tí yóò máa tàn nínú rẹ̀. Mo so dígí ìyàwó mi mọ́ páálí níbi tí mọ́nítọ̀ yóò wà, mo jókòó síwájú rẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú dígí ni gílóòbù àárín àjà, ó ń wò mí lójú kòró. Kò sí ọgbọ́n orí tó lè fi èyí hàn mí bí dígí yẹn ṣe fi hàn mí.

Ìpele 4: Pátákó ìdarí

Ibí ni àkókò àti àṣìṣe mi pọ̀ sí jù.

Fífẹ̀ rẹ̀ ni 118, nítorí pákó pílááwúùdù odindi fẹ̀ ní 122, n kò sì fẹ́ ní oríkèé kankan láàárín. Jíjìn rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn ni 36. Àárín ẹni kìíní sí àárín ẹnì kejì jẹ́ 60, tí èjìká àgbàlagbà méjì fi lè wà láìkan ara. Láti ọ̀pá ìdarí dé bọ́tìnnì àárín jẹ́ 22: mo fi ti ìyàwó mi ṣe ìpìlẹ̀, mo sì gbà kí tèmi há díẹ̀.

Nínú àpótí àkọ́kọ́, mo lo bọ́tìnnì 30 mìlímítà onípáńpẹ́, irú èyí tí a kàn máa ń tì bọ inú ihò, tí ike kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì há mọ́ abẹ́ pátákó. Irú yẹn kò yẹ fún pákó mìlímítà 18. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe é fún; nínú pákó nínípọn, ike náà kò rí abẹ́ há mọ́, bí ọmọdé bá sì gbá a kíkan, ó ń fò jáde. Ọ̀pá ìdarí pẹ̀lú fara gbá nínípọn yìí, nítorí abẹ́ ni a ti ń dè é, pákó sì gbé púpọ̀ nínú gígùn rẹ̀ mì. Ìka mi ń gbá pákó bí mo bá fà á síwájú, mo sì ń fi ìka mẹ́ta-mẹ́rin fún un lọ́rùn dípò kí n dì í mú jẹ́jẹ́.

Torí náà, pílááwúùdù mìlímítà 9 ni mo fi ṣe ojú pátákó tuntun, mo sì kan férémù igi àfàrà sábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà tẹ̀. Mo ra bọ́tìnnì tuntun mẹ́rìndínlógún tó ní nọ́ọ̀tì tí a ń yí mọ́ ọn láti abẹ́. Wọn kò yẹsẹ̀ di òní.

Lílu ihò fi ojú mi rí nǹkan. Mo lo abẹ dírìlì tó ń gé ihò róbótó, mo lù ú láti òkè já sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́ pílááwúùdù sì ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ ní ihò mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo jù ú nù. Lórí èkejì, mo fi pákó àlòkù tì í lábẹ́, mo lu ihò dé ìdajì, mo yí i padà, mo sì parí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó mọ́ bí ẹni fi abẹ fá a.

Àárín bọ́tìnnì kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 36. Àmì búlúù ọmọ mi fẹ́ kí ó jẹ́ 31, ṣùgbọ́n etí bọ́tìnnì fẹ̀ ju ihò rẹ̀ lọ, wọn yóò gun ara wọn bí mo bá sún wọn tó bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ ọmọ náà lára. Bọ́tìnnì kékeré mìlímítà 24 tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ géèmù ni mo gbé lọ sí ẹ̀yìn pátákó pátápátá, torí pé nígbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì kẹta, ìdajì ìjà ilé wa ló ti ibẹ̀ wá.

Ọ̀pá ìdarí wà ní 12 sí etí iwájú kí ìdí àtẹ́lẹwọ́ lè sinmi. Etí náà ni mo fi ọjọ́ méjì ṣe. Mo lẹ ọ̀pá àfàrà tó nípọn ní 4 mọ́ iwájú, mo fi ìfági fá igun rẹ̀ dànù, mo wá fi sáńpépà yí i ká títí tí ó fi rí róbótó bí ìdí ọmọ odó. Mo ń di ojú, mo ń fi ọrùn ọwọ́ rìn lórí rẹ̀ lọ bọ̀. Níbi tí ara mi bá ti mọ igun kankan, mo padà síbẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà.

Ọ̀pá àfàrà yẹn náà ló tún dá mi lóró. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti lọ rà á ní oṣù kẹwàá, nínú òjò, ó sì tutù. Bàbá káfíńtà tó ń bá mi la pákó lórí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ọmọ mi, igi tútù kì í gbọ́ràn. Gbé e gbẹ ná.” Mo dáhùn pé, “Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá, ọ̀dà ló máa dá a dúró.” Ọyẹ́ dé ní oṣù kejìlá, nígbà tó sì fi máa di oṣù kìíní ọdún 2025, ọ̀pá náà ti tẹ̀ ní mìlímítà 6 láàárín, ó sì ti fa gọ́ọ̀mù ya. Mo padà lọ bá Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ra àfàrà gbígbẹ tó ti wà lájà rẹ̀ ní ₦6,000. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ohun kékeré kan tún kù. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi agbára há ọ̀pá ìdarí mọ́ ọwọ́ nínú àwọn géèmù àtijọ́ tí kò ju ọ̀nà mẹ́rin lọ (òkè, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún), bíi Pac-Man ti ọdún 1980, nítorí pé ọ̀pá náà ń yọ̀ sí ìkọ̀rọ̀, ó sì ń fi agbára dá a padà. Àwo ike kan wà lábẹ́ ọ̀pá tèmi tí a lè tú kí a sì yí, tí yóò fi ọ̀nà mẹ́rin péré sílẹ̀. Mo yí ti apá òsì, mo fi ti apá ọ̀tún sílẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́jọ. Láti ọjọ́ náà, ìka méjì àti àtàǹpàkò ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń dì í mú, ọwọ́ kò sì ro ó mọ́.

Ìpele 5: Ara àpótí

Pílááwúùdù mìlímítà 18 ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí, méjì ní ₦38,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kun gbogbo etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dà ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì gbé e lé ẹsẹ̀ rọ́bà kékeré mẹ́rin kí omi ilẹ̀ má baà kàn án.

Ìdí àpótí náà ni mo gé wọnú ní 10, gíga àyè náà sì jẹ́ 10, bí wọ́n ti ń ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Kí n tó ṣe èyí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa ń kan pákó, ènìyàn á dúró jìnnà, á sì máa tẹ̀ síwájú kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan bọ́tìnnì. Ìrora ẹ̀yìn tí mo rò pé gíga pátákó nìkan ló fà á, ìdajì rẹ̀ wá láti ibí.

Àárín mọ́nítọ̀ wà ní 127 sí ilẹ̀, bíi 65 sí ojú, mo sì dẹ ẹ́ sẹ́yìn ní dìgírì 20. Nípa gílóòbù tí dígí fi hàn mí, mo gbé e kúrò ní àjà lọ sí ara ògiri lẹ́yìn àpótí, mo sì kan pákó bíi etí fìlà sókè mọ́nítọ̀, tó yọ síwájú ní 18. Fèrèsé apá òsì gba kọ́tìnnì nínípọn.

Mo fẹ́ gbàgbé àṣìṣe ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún ara mi pé n óò kọ ọ́. Ní ẹ̀yìnkùlé ni mo ti kan gbogbo rẹ̀, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ pátákó ìdarí mọ́ ara àpótí. Pátákó náà fẹ̀ ní 118, ẹnu ọ̀nà yàrá fẹ̀ ní 80. A yí i, a dẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a gbé e sókè, kò wọlé. Mo fi ayùn ọwọ́ gé ojú gọ́ọ̀mù náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì fi bóòtù mẹ́rin dè é dípò rẹ̀.

Ìpele 6: Ìjókòó àti pèpéle

Wẹ́dà ló ṣe ẹsẹ̀ ìjókòó méjì, èmi ni mo kan orí wọn, a sì fi fóòmù tó nípọn ní 4 bò ó. Nígbà tí ènìyàn bá jókòó, orí rẹ̀ wà ní 72. Irin ìgbẹ́sẹ̀lé wà ní 29 sí ilẹ̀ lára ẹsẹ̀ ìjókòó náà. Kò sí irin yìí nínú èyí àkọ́kọ́ tí wẹ́dà gbé wá. Ẹsẹ̀ mi rọ̀ dirodiro, pajápajá sì mú mi ní itan kí ìdajì wákàtí tó pé. Mo dá a padà.

Ìṣòro tó le jù wà níwájú. Mo ti kan àpótí abẹ́ pátákó ní jíjìn 11 kí wáyà lè rọrùn láti tò. Mo gbé ìjókòó tuntun wá, mo jókòó, itan mi kò wọ abẹ́ rẹ̀. Itan mi nípọn ní 14: 72 pẹ̀lú 14 jẹ́ 86, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́ pátákó wà ní 83. Mo ti wọn ojú, mo wọn ìgúnpá, n kò wọn itan. Bí mo bá sọ ìjókòó di kúkúrú, ìgúnpá yóò rẹlẹ̀ ju pátákó lọ. Bí mo bá gbé pátákó sókè, èjìká ìyàwó mi yóò tún gbé sókè. Abẹ́ pátákó nìkan ni ó ṣeé gé. Ọ̀pá ìdarí àti wáyà rẹ̀ gba bíi 5.5 nísàlẹ̀, torí náà mo dín jíjìn àpótí náà kù sí 7, mo tún gbogbo wáyà tò ní pẹlẹbẹ pẹ̀lú okùn ike, mo sì fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ dí abẹ́ rẹ̀. Abẹ́ pátákó wá di 87. Ìka kan péré ló lè wọ àárín itan mi àti pátákó báyìí, mo sì jókòó tí ìgúnpá mi fi 1 péré ga ju iwájú pátákó lọ. Ìbá wù mí kí ó tó 3. N kò rí ọ̀nà rẹ̀.

Pèpéle ọmọdé ga ní 12, ó fẹ̀ ní 60, ó jìn ní 45. Ó yọ̀ lórí táìlì ní ọjọ́ kìíní, ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo gé rọ́bà táyà inú kẹ̀kẹ́, mo sì kàn án mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àbámọ̀ mi ni pé mo gé àyè ìdí àpótí ní 10. Ká ní mo gé e ní 13, pèpéle yóò máa rọra wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tí a kò bá lò ó; ní báyìí, abẹ́ ìjókòó ni ó ń gbé, ìyàwó mi sì ti kọsẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìpele 7: Iná àti ohùn

Inverter ilé ló ń gbé e, mo sì fi ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná àpọ̀jù sí àárín. Ohùn ń jáde láti abẹ́ etí fìlà, ó kọjú sí ìsàlẹ̀. Nígbà tó kọjú sí wa lójú, orí fífọ́ ni.

Ìpele 8: Owó

Àpótí àkọ́kọ́: MDF ₦64,000, ọ̀pá ìdarí méjì pẹ̀lú bọ́tìnnì àti pátákó wáyà USB tó so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà, ₦58,000, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ₦70,000, mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ₦45,000, ọ̀dà, gọ́ọ̀mù àti ìṣó, ₦15,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦252,000.

Àpótí kejì: pílááwúùdù mìlímítà 18, ₦76,000, mìlímítà 9, ₦21,000, àfàrà, ti tútù ₦12,000, ti gbígbẹ ₦6,000, bọ́tìnnì ₦16,000, ìjókòó méjì ₦30,000, rọ́bà títẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá dúró, ₦9,000, ọ̀dà, gọ́ọ̀mù, bóòtù àti ìṣó, ₦22,000, owó ọwọ́ Bàbá káfíńtà ₦25,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦217,000. Kọ̀ǹpútà, mọ́nítọ̀ àti ọ̀pá ìdarí àtijọ́ ni mo tún lò. Ohun tó ṣègbé pátápátá ni MDF, ọ̀dà àkọ́kọ́ àti àfàrà tútù, ₦91,000, láìka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi kan àpótí àkọ́kọ́.

Ìpele 9: Ojúde Ọba ọdún 2025

Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Àwọn ènìyàn kan náà wálé, mo sì tún jókòó sí igun kan náà pẹ̀lú ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó fún ìṣẹ́jú 50 kí ó tó dìde, gààrí tútù ló sì dìde lọ mu, kì í ṣe pé ẹ̀yìn ń dùn ún. Èjìká ìyàwó mi wà nísàlẹ̀ títí. Kò sí ilà lórí ọrùn ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi, tó ti ga sí i ní 4 láàárín ọdún kan, ní kí n dín pèpéle òun kù, mo sì ti fá ẹsẹ̀ rẹ̀ sí 8.

Ẹ̀dùn kan ṣoṣo ló wọ inú ìwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lo ọwọ́ òsì, ó sì jókòó tó fi apá gun ara wọn, ọwọ́ òsì lórí bọ́tìnnì, ọwọ́ ọ̀tún lórí ọ̀pá. N kò rò ó kàn rárá. Ó ti ti ìka bọ búlúù fún mi, páálí rẹ̀ sì wà lára ògiri. Bóòtù mẹ́rin yẹn kò ní jẹ́ kí n fọ́ ohunkóhun: pátákó kejì ni n óò kàn ṣe, tí bọ́tìnnì yóò wà lápá òsì fún ẹni kìíní. Nínú pílááwúùdù mìlímítà 9, mo ṣì ní èyí tó gùn ní 122, tó fẹ̀ ní 60. Àfàrà rẹ̀ ti wà lájà ilé Bàbá káfíńtà láti oṣù kẹta, ó ń gbẹ.